Kí Àwọn Ọmọ Wa Mọ Ohun Tí Ń Mú Ẹ̀rọ Ṣiṣẹ́

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ: ó tó àkókò kí á máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì, èyíinì ni ẹ̀rọ tí a fi àṣẹ sí nínú, tí ó lè mọ ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí a rán an.

Àwọn kan lè wí pé ìmọ̀ òyìnbó ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 1206, Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Al-Jazari, tí ó ń sin ọba ní Diyarbakir, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, parí ìwé kan lórí irú ẹ̀rọ báwọ̀nyí. Ó ṣàlàyé aago tí omi ń darí àti ère tí ń bu omi àlùwàlá fún ọba. Ó ya àwòrán wọn, ó sì to bí a ṣe ń ṣe wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹlòmíràn lè ṣe irú wọn.

Kí wá ni èrè rẹ̀ fún ọmọdé? Ẹ wo kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ọmọ fẹ́ kí ó dúró kí ó tó kọlu ògiri. Bí àyíká táyà rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ọmọ náà yóò ṣírò rẹ̀ pé bí ó bá yí ní ìgbà 5, yóò rin mítà 1. Ìṣirò tí ó ń sá fún nínú ìwé ti di ohun tí ó ń wá kiri. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá kọlu ògiri, yóò wádìí bóyá bátìrì ni ó rẹ̀, bóyá wáyà ni ó já, tàbí àṣẹ tí òun kọ ni kò pé. Báyìí ni ọmọ ṣe ń kọ́ sùúrù, tí ó sì ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe láìfi í pamọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2. Okokomaiko ni a sì pète pé yóò dé. Ta ni yóò máa tún un ṣe? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ má ṣe rò pé olówó nìkan ni ìmọ̀ yìí wà fún. Ọjà Alábà, níbi tí a ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, wà ní Ọ̀jọ́ wa níbí, bẹ́ẹ̀ sì ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Scratch, tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, jáde ní 2007. Ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀rọ kékeré tí ń yí táyà nínú ohun ìṣeré tí ó ti bàjẹ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni kí ó tú u. Bátìrì ni kí àwọn ọmọ lò, kì í ṣe iná ilé. Wọn kò sì gbọdọ̀ sun wáyà, nítorí májèlé wà nínú èéfín rẹ̀.

Àbá mi nìyí: kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ iṣẹ́ iná àti kọ̀ǹpútà ya wákàtí 2 sọ́tọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ní àsìkò tí kò ní dí ilé-kéwú lọ́wọ́. Kí ọmọ 4 máa pín ẹ̀rọ kan lò. Kí àwọn ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, kí wọn má ṣe di òǹwòran. Kí àwọn òbí fi ohun èlò tí ó ti bàjẹ́ nílé ta wọ́n lọ́rẹ. Ọlọ́hun yóò ràn wá lọ́wọ́.