Àká Fáìlì Nínú Ilé Wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè fi owó pọ́ọ́kú ṣe àká fáìlì sínú ilé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n kò le. Ẹ fara balẹ̀.

Ìdí tó fi kàn wá nìyí. Àwòrán ìgbà tí a wà nílé-ìwé, fídíò ìsìnkú òbí wa, ìwé orúkọ ẹgbẹ́, níbo ni gbogbo wọn wà? Inú fóònù ni. Bí fóònù bá bọ́ sọ́wọ́ jàgùdà ní Ilé-Epo, ó parí nìyẹn. Google ń fún wa ní àyè 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn àwòrán tuntun ní Google Photos náà ń jẹ nínú rẹ̀. Tó bá kún, ẹ ó sanwó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ wa. Àká inú ilé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì: Wi-Fi ilé yín ti tó o.

Kí la máa rà? Àwọn òyìnbó á ní ká ra kọ̀ǹpútà ńlá olórí ìjókòó. Ní Abúlé Ẹ̀gbá tí iná ń lọ tó ń bọ̀, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló yẹ wá. Ẹ lọ sí Computer Village n'Íkẹjà. Èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́ pàápàá dára, torí owó rẹ̀ á wálẹ̀; ẹ ó kàn so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń tò ó. Bátìrì rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra díìsìkì kékeré alágbèéká tó jẹ́ pé okùn USB nìkan ló ń fún un níná. Bí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbé díìsìkì náà pẹ̀lú. Iná tó bá já lójijì nígbà tí díìsìkì ń ṣiṣẹ́ lè ba fáìlì jẹ́. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo wò ó níṣojú yín kí ẹ tó sanwó. Ó ń fi iye wákàtí tí díìsìkì ti ṣiṣẹ́ hàn, àti bí ara rẹ̀ ṣe le sí. Bó bá kọ Caution, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ètò tó máa darí rẹ̀ ni OpenMediaVault, tí Volker Theile gbé jáde ní 2011. Ọ̀fẹ́ ni. Yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ́ o! Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tò ó, kó má sùn bí ẹ bá pa á dé, kó sì rọra pa ara rẹ̀ bí bátìrì bá fẹ́ tán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé sí i. Lálaalẹ́, kó máa ṣe ẹ̀dà díìsìkì kìn-ín-ní sórí èkejì. Bí ọmọ bá ṣèèṣì pa àwòrán rẹ́ lọ́sàn-án, ẹ̀dà àná á gbà yín.

Ṣé ó parí? Rárá o. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ rántí ọ̀pá epo tó bú gbàmù ní Abúlé Ẹ̀gbá ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, àti iná ọ̀pá epo ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 tó jó ilé àti mọ́tò. Díìsìkì méjì tó wà lórí tábìlì kan, iná kan náà ni yóò jó wọn. Nítorí náà, kí ẹ ní ẹ̀kẹta lọ́dọ̀ àbúrò yín n'Íkòròdú tàbí l'Ábẹ́òkúta, kí ẹ máa mú un wálé lóṣooṣù láti ṣe ẹ̀dà tuntun. Bí owó bá gbé méjì péré, àbí kí la fẹ́ ṣe? Ẹ gbé èkejì síta.

Àwọn olùkọ́ wa ń dàgbà, àwọn mìíràn ti lọ. Ohùn wọn tó wà nínú fóònù yín lè má sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí yóò máa tọ́jú tiwọn.