Wáyà Inú Ògiri

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ Òkè-Àdó n'Íbàdàn. Nígbà tí wọ́n fa iná sí i, kí ni wọ́n ń lò ó fún? Gílóòbù mélòó kan, rédíò, bóyá fáànù kan ní pálọ̀. Wáyà tó lè gbé ìyẹn ni wọ́n rì sínú ògiri.

Wáyà yẹn náà ni a wá gbé fìríìjì, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù lé lórí. Kẹ́tùlù kan lè fa 2,000 wáàtì, ó ju ohun tí gílóòbù 30 tó jẹ́ 60 wáàtì ń fà lọ. Rọ́bà tó bo wáyà sì ti gbẹ, ó ń fọ́, ojú wa ò sì tó o.

Fíúsì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tó bá já, a ó wá wáyà tó nípọn, a ó fi so ó. Ẹ jọ̀ọ́, jíjá yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀! Ó ń já kí wáyà inú ògiri má baà gbóná débi tí yóò fi gbiná.

Bí ẹ bá ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, tí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dúdú, ẹ pa iná níbi mítà, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ tètè sọ fún onílé lónìí.