Jákujàku Tó Tinú Ọkọ̀ Òkun Wá

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ẹrù oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó ń gba àdúgbò yín kọjá yẹn, junk ni òyìnbó ń pè é. Àmọ́ okùn ni junk níjọ́ un! Ó ti lé ní 500 ọdún tí àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi pe okùn ọkọ̀ tó gbó. Wọn kì í sọ ọ́ nù o: wọ́n á tú u sí fọ́nrán, wọ́n á fi dí àlàfo pákó ọkọ̀ kí omi má baà wọlé. Kódà ẹran oníyọ̀ wọn, tó le bí okùn, junk ni. Ẹ̀yìn èyí ló wá di jákujàku gbogbo. Ti ọkọ̀ Ṣáínà tó ń jẹ́ junk ńkọ́? Orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀.