Ẹ Jẹ́ Kí A Dá Owó Ìwòsàn Kí Àìsàn Tó Dé

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ní ìpàdé àpapọ̀

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ìsọ̀ pa ní Akẹ̀sán kí wọ́n tó wá síbí. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù. Èmi ni mo ń ka ìwé tí ẹni tó fẹ́ yáwó bá kọ. Ẹnìkan á ní òun fẹ́ ra àgbàdo pamọ́, òmíràn á ní òun fẹ́ fi kún ọjà. Ṣùgbọ́n bí mo bá tọpa owó náà, mo máa ń rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ló gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta aṣọ òfì. Lóru ọjọ́ kan, inú run ọkọ rẹ̀ débi pé iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní kí wọ́n san àsansílẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó rí owó náà kó jọ. Ọkọ yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo owó ọjà ìyá yìí ló bá a lọ, ó sì fi ọdún méjì san ẹ̀yáwó tí kò mú èrè kankan wá. Lónìí, aṣọ ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn tà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ ìyá yìí. Nínú náírà 10 tí a ń ná sórí ìwòsàn ní Nàìjíríà, ó lé ní 7 tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Àwọn ìlú wa kò sì ṣàìní ilé ìwòsàn. Láti ọdún 1907 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tó di ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ọ̀yọ́ náà ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba. Owó tí a ó mú dé ẹnu ọ̀nà wọn ni ìṣòro.

Àwọn àgbà á rántí pé ní àwọn ọdún 1950, ní ayé ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1979, Olóyè Bọ́lá Ìgè tún gbé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, owó ìjọba rọ̀, owó sísan sì padà dé. Ní ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin adójútòfò ìlera. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Aránṣọ, ọlọ́kadà, alágbàṣe, ìyá tó ń ta ata, ìta ni wọ́n dúró sí. Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà wà nínú adójútòfò ìlera. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní àjọ tirẹ̀ tí ọlọ́jà àti àgbẹ̀ lè bá forúkọ sílẹ̀.

Ẹnìkan bi mí léèrè pé, “Akọ̀wé, bí mo bá sanwó lọ́dún yìí tí n kò ṣàìsàn ńkọ́? Ṣé wọ́n á dá owó mi padà?” Rárá o. Adójútòfò kì í ṣe àjọ tí èèyàn ń kó níparí oṣù, kì í sì í ṣe èésú tó ń kárí. Ẹ wo ọdẹ àdúgbò. Oṣooṣù ni a ń sanwó fún un. Bí olè kò bá wá, ta ni ó ń lọ bá ọdẹ pé kó dá owó òun padà? Ọpẹ́ ni a ń dú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní àwa 100 san ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, ₦100,000 ni. Bí ẹni 5 bá ṣàìsàn, ₦20,000 kan ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àwọn 5 tí ara wọn kò yá nìkan ló forúkọ sílẹ̀, kí owó tó lè pé ₦100,000, àfi kí oníkálukú wọn san ₦20,000 fúnra rẹ̀. Ètò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ara rẹ̀ le fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tí ó sì fi dára kí gbogbo ẹgbẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Òfin ọdún 2022 dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn kò ká a: aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó, abirùn àti aláìní. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni aláìní? Ọkùnrin ẹni ọdún 40 tó ń ru ẹrù lọ́jà, tí ó ń jẹun láti ọwọ́ dé ẹnu, a kì í kà á mọ́ aláìní nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àárín méjì ló há sí, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wa wà.

Ẹ wo àwọn ará Kwara, aládùúgbò Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Shonga tí àgbẹ̀ ń san díẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti owó ìrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Netherlands sì ń san èyí tó pọ̀ jù. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2016 ó dúró. Owó àlejò kì í gbé ilé ró títí. Gánà ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ẹ̀yin àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ṣòwò níbẹ̀ kí wọ́n tó ní kí àjèjì máa lọ ní ọdún 1969, ẹ mọ ilẹ̀ náà. Òfin wọn ti ọdún 2003 bu owó orí 2.5 nínú 100 lé ọ̀pọ̀ ọjà fún adójútòfò ìlera, kí owó má baà gbẹ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a ṣe. Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gba owó yìí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú owó ìfipamọ́. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ wa. Ká ní ₦15,600 ni lọ́dún, ₦300 péré ni lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò lè yọ ti ọdún lẹ́ẹ̀kan á lè yọ ti ọ̀sẹ̀. Èkejì, kí àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa rọ ìjọba pé kí ó san apá kan fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó. Ẹ̀kẹta, kí a yan èèyàn méjì nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn. Mo mọ ọmọ ẹgbẹ́ kan tó mú káàdì rẹ̀ lọ, tí wọ́n ní kó lọ ra oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Káàdì tí kò mú oògùn wá, ìwé lásán ni. Ẹnìkan ṣoṣo tó bá ráhùn, wọn kò ní dá a lóhùn. Odindi ẹgbẹ́ tó bá kọ̀wé, wọn á gbọ́.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé gbogbogbò yín tó ń bọ̀, kí ẹ jíròrò rẹ̀, kí ẹ sì dìbò lé e lórí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nítorí ogun bí èyí ni a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà.