Ìdílé Ọba Ìbíní àti Ẹjọ́ Tí Kò Tán: Láti Ìgbà Eweka Dé Ìgbà Esigie

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Port Harcourt, tó sì fẹ́ fi ọkọ̀ ilẹ̀ lọ sílé ọdún, Ìbíní ni yóò gbà. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó jẹun, awakọ̀ á fọn fèrè, ó parí. Ọ̀pọ̀ yín kò tíì yà wo yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú náà ká rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀rọ̀ ìdílé ọba ibẹ̀ wá.

Ẹ̀yin mọ ohun tí à ń pè ní ìdílé ọba, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọba tí wọ́n ń pè ní Ogiso ló kọ́kọ́ jẹ ní Ẹdó, ìyẹn Ìbíní. Igodo ni àkọ́kọ́ wọn, Owodo ni wọ́n fi parí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Ọba dé, Eweka sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, ní nǹkan bí ọdún 1200. Ìran Eweka yìí kan náà ló wà lórí àpèrè lónìí. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ìjà wà.

Jacob Egharevba, ẹni tí ìwé ìtàn Ìbíní rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ọdún 1934, ló kọ ìtàn tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n lé Owodo kúrò lórí oyè. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Evian bójú tó ìlú, ó sì fẹ́ kí Ogiamien ọmọ rẹ̀ jogún ipò náà. Àwọn àgbà kọ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí Ilé-Ifẹ̀. Odùduwà rán Ọ̀rànmíyàn ọmọ rẹ̀ sí wọn. Ọ̀rànmíyàn gbé ní Usama, ó fẹ́ Erinmwinde, obìnrin ibẹ̀, ó bí ọmọ, ó padà sílé. Ọmọ yẹn ni Eweka.

Ní 2004, Ọba Erediauwa ti Ìbíní tẹ ìwé ìrántí ìgbésí ayé rẹ̀ jáde. Ó ní Ekaladerhan, ọmọ Owodo tí wọ́n lé jáde, ló lọ sí Ifẹ̀ tó di Odùduwà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé bàbá bàbá rẹ̀ ni Ọ̀rànmíyàn padà wá. Ìwé ìròyìn gbóná lọ́dún náà! Ààfin Ifẹ̀ fèsì, ẹni tí kò ka ojú ewé kan nínú ìwé náà sì ń bú Ẹdó nínú bọ́ọ̀sì.

Èmi kò bá wọn bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí ní 2004. Ọmọ Ẹdó kan ni a jọ gbé yàrá nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ó sì ti ń sọ fún mi nígbà yẹn pé Idanre ni wọ́n bí Egharevba sí ní 1893, pé àárín Yorùbá ló ti gbọ́n, pé òun ló fi Yorùbá sínú ìtàn àwọn. A máa ń jà á títí àwọn ará yàrá kejì á fi máa gbá ògiri. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bó bá jẹ́ pé Egharevba nìkan ni ẹlẹ́rìí wa, ẹjọ́ wa kò lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n a ní ẹlẹ́rìí tó ti kú ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí wọ́n tó bí Egharevba. Ẹ fara balẹ̀ fún mi níbí, nítorí òun ni mo gbọ́kàn lé jù.

João de Barros ni orúkọ rẹ̀, ará Pọtogí, òṣìṣẹ́ ọba ní Lisbon. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1552. Ó ní nígbà tí João Afonso de Aveiro dé Ìbíní ní 1486, ìránṣẹ́ Ọba Ìbíní bá wọn lọ sí Pọtogí, ó sì sọ fún wọn pé ọba alágbára kan wà tó ń jẹ́ Ogané. Bí Ọba Ìbíní bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àpèrè, yóò kó ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i pé kó fọwọ́ sí i. Ogané á fi ọ̀pá àṣẹ ránṣẹ́, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ idẹ dídán àti àgbélébùú idẹ fún ọrùn. Láìsí nǹkan wọ̀nyí, àwọn ará ìlú kò ní í gbà pé ọba náà jẹ lọ́nà ẹ̀tọ́. Ìránṣẹ́ kò sì ní í rí ojú Ogané láéláé. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé sẹ́dà ló máa ń wà. Ọjọ́ tí ìránṣẹ́ bá fẹ́ dágbére, wọ́n á yọ ẹsẹ̀ kan jáde lábẹ́ aṣọ náà, ìránṣẹ́ á wólẹ̀ fún ẹsẹ̀ yẹn, òun náà á sì gba àgbélébùú kékeré kan lọ sílé.

Barros kò gbọ́ èyí lẹ́nu èrò ọjà. Ó ní ní 1540, àwọn ìránṣẹ́ Ìbíní mìíràn wá sí Pọtogí, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà bí ẹni àádọ́rin ọdún, ó fi irú àgbélébùú yẹn sọ́rùn. Barros bi í léèrè ohun tó jẹ́, baba náà sì ṣàlàyé bákan náà. Ẹ wá wo ère idẹ Ìbíní tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ní London: ọkùnrin kan ló dúró, àgbélébùú wà láyà rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ ni pé Ọọ̀ni, ọba Ifẹ̀, ni Ogané yìí. Ṣùgbọ́n Alan Ryder, onímọ̀ ìtàn tó kọ́ni ní Ìbàdàn nígbà kan, kọ̀wé ní 1965 pé Ogané kì í ṣe Ọọ̀ni, nítorí Barros ní ìhà ìlà-oòrùn Ìbíní ló wà, ìrìn oṣù 20. Ifẹ̀ sì wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ó ní ká wá Ogané lọ sí ìhà ibi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé. Mo bọ̀wọ̀ fún Ryder, ṣùgbọ́n mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì ní í dákẹ́ ní Port Harcourt. Kí ni àwọn Pọtogí ń wá nígbà náà? Prester John ni, ọba Kristẹni tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó wà ní ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń wá ọba onígbàgbọ́ ní ìlà-oòrùn, tó wá gbọ́ nípa ọba tó ń fún ènìyàn ní àgbélébùú, ṣé ìwọ̀-oòrùn ni yóò kọ sílẹ̀? Oṣù 20 ńkọ́? Ta ni yóò rìn fún oṣù 20 láti lọ gba àkẹtẹ̀? Ẹni tó lè fa ọ̀nà gùn tó bẹ́ẹ̀ lè yí i lórí padà pẹ̀lú.

Ẹ sì rántí 1903. Nígbà tí wọ́n ń jà lórí bóyá ọba tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí adé ìlẹ̀kẹ̀, Ọọ̀ni Adélẹ́kàn Olúbùṣe Kìíní ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè wá sí Èkó kó sọ ẹni tó lè dé adé. Ìrìn àjò Ọọ̀ni lọ́jọ́ yẹn ya gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́nu, nítorí Ọọ̀ni kì í jáde nígbà náà. Ọba tí a kì í rí, tó ń sọ ẹni tó lè dé adé: ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí Barros kọ. Lójú tèmi, Ọọ̀ni Ifẹ̀ ni Ogané.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ó dé òde ìnáwó, ẹ ó wo ojú ọmọ Ẹdó tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó ní, “Àwa la fún yín lọ́ba.” Ìwà yẹn kò dáa. Ohun tí àgbélébùú yẹn fi hàn ni pé Ìbíní ń gba ìbùkún láti ibì kan. Kò sọ pé ibẹ̀ ló ń ṣàkóso Ìbíní. Ìtàn Egharevba fúnra rẹ̀ ní Ọ̀rànmíyàn kò lè gbé ibẹ̀, ọmọ tí obìnrin ibẹ̀ bí ló jọba. Ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé yìí, Ogba àti àwọn kan nínú Ikwerre ní Ìbíní ni àwọn ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alagoa, tó kọ́ni ní yunifásítì tó wà ní Choba níbí, kìlọ̀ fún wa pé ìlú tó lókìkí máa ń fa ọ̀pọ̀ ọmọ mọ́ra. Ẹ bi ara yín bóyá ìkìlọ̀ yẹn kan àwa náà.

Ẹni tó fìdí ìdílé ọba Ìbíní múlẹ̀, Ọba Ewedo ni, ní nǹkan bí 1255. Usama ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń gbé, lọ́wọ́ àwọn olóyè tí wọ́n ń pè ní Uzama, tó ń bá wọn pín àṣẹ. Ewedo kó kúrò níbẹ̀, ó kọ́ ààfin síbi tó wà títí dòní. Ìdílé Ogiamien dènà rẹ̀, wọ́n jà, wọ́n sì parí ìjà pẹ̀lú májẹ̀mú. Bí ọba tuntun bá fẹ́ jẹ ní Ìbíní, ìjà àfarawé pẹ̀lú Ogiamien wà nínú ètò rẹ̀. Ọba tó ṣẹ́gun kò pa ẹni tó bá lórí ilẹ̀ rẹ́. Ó fún un láyè nínú ìwúyè ara rẹ̀. Ohun tó gbé adé náà dúró fún nǹkan bí 800 ọdún nìyẹn, ó sì jù ọ̀rọ̀ ibi tí Eweka ti wá lọ.

Mo rí i pé alága ń wo aago. Ẹ jẹ́ kí n sáré.

Ọba Oguola gbẹ́ yàrà, ìtàn ní òun ló bẹ Ọọ̀ni fún alágbẹ̀dẹ idẹ, wọ́n sì fi Igueghae ránṣẹ́. Ẹ má sì rò pé ògo nìkan ló wà níbẹ̀: awalẹ̀pìtàn Graham Connah wa kànga kan ní Ìbíní, ó bá egungun obìnrin 41, ó kéré tán, nínú rẹ̀, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá.

Ọba Ewuare, nǹkan bí 1440: iná jó ìlú, ó tún un kọ́, ó to àwọn olóyè ìlú àti olóyè ààfin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí apá kan má bàa gbé apá kejì mì. Odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lòun.

Ọba Ozolua jagun. Esigie ọmọ rẹ̀ bá ìlú Idah jà, Idia ìyá rẹ̀ sì dúró tì í. Òun ló kọ́kọ́ jẹ Ìyọba. Ojú ère eyín erin rẹ̀ ni ẹ rí lórí àmì àjọ̀dún FESTAC ní 1977.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọba mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì jó Ìbíní ní 1897, wọ́n gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló kú sí ní 1914. Ọmọ rẹ̀ jọba lọ́dún náà, Eweka Kejì ló sì ní kí wọ́n máa pe òun.

Alága, mo ti jókòó. Ìbéèrè yá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bi mí nípa Ekaladerhan, kó ti ka ìwé Ọba Erediauwa kó tó nawọ́.