Koríko Orí Ààlà: Ìpamọ́ àti Ìmúpadàbọ̀sípò Server Tí Windows àti Linux Jọ Ń Gbé

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn sábà máa ń sọ níwájú èrò: bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ server tí Windows àti Linux jọ ń gbé, àti bí a ṣe ń dá a padà sípò nígbà tó bá bàjẹ́. Ìtàn ni màá fi bẹ̀rẹ̀, kí oorun má bàa kùn yín.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n sọ ní NotPetya jáde láti Ukraine. Inú àtúnṣe M.E.Doc, ètò ìṣirò owó-orí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ń lò, ni àwọn tó rán an fi í pamọ́ sí. Ọjọ́ kan náà ló dé ọ̀dọ̀ Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti Denmark, tí gbogbo wa máa ń rí orúkọ rẹ̀ lára kọ̀ǹtẹ́nà ní èbúté Àpápá. Kọ̀ǹpútà 45,000 àti server 4,000 ni wọ́n ní láti tún gbé ètò sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Jim Hagemann Snabe, tó jẹ́ alága ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà, ló sọ iye yìí ní Davos ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ó sì ní ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é. Owó tí wọ́n pàdánù wà láàárín mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là.

Maersk ní ẹ̀dà ìpamọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn server rẹ̀. Èyí tí kò ní ẹ̀dà ni àwọn tí wọ́n ń pè ní domain controller, ìyẹn àwọn server tó ń tọ́jú ìwé orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́: ta ni òṣìṣẹ́, kí ni password rẹ̀, àwọn nǹkan wo ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí. Wọ́n tó bí 150 káàkiri ayé, olúkúlùkù sì ń kọ ohun tó bá mọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n ní àwọn yòókù á ṣì wà. Kò sí ẹni tó rò ó pé gbogbo wọn lè lọ ní ọjọ́ kan náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló là, èyí tó wà ní Ghana, ohun tó sì yọ ọ́ ni pé iná mànàmáná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín! Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí màá gbọ́ pé àìsíná ṣe ẹnìkan lóore.

Íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò yá tó láti fi détà náà ránṣẹ́ sí Maidenhead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òṣìṣẹ́ Ghana tó ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ kan wọ bàlúù láti Ghana wá sí Nàìjíríà, ó fa hard disk náà lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni yẹn ló gbé e dé London. Andy Greenberg ló kọ ìtàn yìí sí ìwé ìròyìn Wired ní ọdún 2018.

Kí ló kan Linux nínú èyí? Windows nìkan ni NotPetya ń bá jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé-iṣẹ́ tó ní ogún server Linux tó dúró ṣánṣán, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ domain controller Windows ni wọ́n ti ń béèrè bóyá ẹni tó kanlẹ̀kùn jẹ́ òṣìṣẹ́ lóòótọ́. Windows kú, Linux wà láàyè, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó lè wọlé sí i. Ẹ̀dà ìpamọ́ Linux tó péye jù lọ lágbàáyé kò lè ran ilé-iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́, nítorí Linux rẹ̀ kò bàjẹ́.

Bí oko méjì bá pààlà, olóko kọ̀ọ̀kan á ro tirẹ̀ dé etí ààlà, á sì dúró. Koríko orí ààlà gan-an kò ní olóko. Bí àwọn ètò méjì wọ̀nyí ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó mọ Windows ń tọ́jú Windows, ẹni tó mọ Linux ń tọ́jú Linux, àwọn méjèèjì sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ní ẹ̀dà. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé ohun tó wà láàárín wọn ni kì í padà wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orí dísìkì ẹ̀rọ kan tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísìkì ló ń jí ẹ̀rọ: 446 jẹ́ àṣẹ ìjí, 64 jẹ́ ìwé ààlà tó sọ ibi tí Windows ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí Linux ti bẹ̀rẹ̀, méjì tó kù jẹ́ òǹtẹ̀. Ẹni tó da C:, ìpín Windows, kọ kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó da fáìlì Linux kọ kò fọwọ́ kàn án. GRUB, ètò tó ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá Windows tàbí Linux la fẹ́, tún fi apá kan ara rẹ̀ pamọ́ sí àlàfo tó wà lẹ́yìn báìtì wọ̀nyẹn, níbi tí kò sí fáìlì kankan tí orúkọ ń jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni NotPetya ń kọlù.

Kọ̀ǹpútà òde òní ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ìpín kékeré kan lórí dísìkì tí Windows àti Linux jọ ń kó fáìlì ìjí wọn sí. Ó dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ààlà náà kò parẹ́, ó kàn yí ipò padà ni. Apá kan rẹ̀ ti bọ́ kúrò lórí dísìkì pátápátá. Ìwé tó ń sọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ jí wà nínú ìrántí kékeré kan lórí motherboard. Bí motherboard bá jóná, tí ẹ sì gbé dísìkì yín tó pé pérépéré sínú ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀rọ tuntun náà lè wo dísìkì yẹn kó má dá Linux inú rẹ̀ mọ̀. Bákan náà ni kọ́kọ́rọ́ BitLocker tí Windows fi ti dísìkì pa: ó so mọ́ ẹ̀rọ tó wà tẹ́lẹ̀. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, nọ́ńbà oní-díjíìtì 48 ló kù tí yóò ṣí i. Ẹni tó bá sì tọ́jú nọ́ńbà yẹn sínú server náà fúnra rẹ̀, ẹ bá mi bi í léèrè bó ṣe fẹ́ kà á.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Microsoft gbé àtúnṣe ààbò kan jáde tó ka àwọn GRUB àtijọ́ léèwọ̀, nítorí àbùkù kan tí àwọn ọ̀daràn lè gbà wọlé. Wọ́n ní kò ní kan kọ̀ǹpútà tí Windows àti Linux jọ wà lórí rẹ̀. Ó kan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ènìyàn tan ẹ̀rọ wọn láàárọ̀, Windows jí, Linux kọ̀, ọ̀rọ̀ kan sì yọ lójú ẹ̀rọ pé nǹkan ti bàjẹ́ gidigidi. Oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Microsoft tó yanjú rẹ̀ tán. Orí motherboard ni èèwọ̀ yẹn wà, kò sí lórí dísìkì. Ẹ lè ní ẹ̀dà dísìkì ti oṣù Keje tí kò lábùkù, kí ẹ dá a padà láìku báìtì kan, kí Linux ṣì kọ̀ láti jí. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó gbà pé ẹ̀dà odindi dísìkì ni òpin ọgbọ́n.

Aago náà wà lórí ààlà yìí. Windows gbà pé aago inú ẹ̀rọ ń sọ àkókò ìlú tí ẹ̀rọ wà. Linux gbà pé UTC, àkókò tí gbogbo àgbáyé fi ń ṣe ìwọ̀n, ló ń sọ. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Nítorí náà, lórí ẹ̀rọ tí àwọn méjèèjì ń gbé, bí a kò bá tún un ṣe, wákàtí kan ni ọ̀kan yóò fi ṣìnà. Àwọn ará wa ní London kò ní rí i nígbà òtútù, ìgbà tí wọ́n bá ti aago wọn síwájú ló máa yọjú. Ẹ má fojú kékeré wo wákàtí kan. Kerberos, ètò ìdánimọ̀ tí domain controller ń lò, kì í gbà ju ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Password yín á tọ̀nà, á sì lé yín padà.

Lórí fáìlì, màá yára. Windows ń fi ìwé ẹ̀tọ́ gígùn sára fáìlì kọ̀ọ̀kan. Linux ń fi nọ́ńbà ẹni tó ni ín àti àṣẹ kúkúrú sí i. Ẹ da fáìlì Linux sí flash tí wọ́n ṣe fún Windows, ẹ dá a padà, gbogbo àṣẹ yẹn ti lọ. PostgreSQL, ètò ìpamọ́ détà kan, yóò wo fódà détà rẹ̀, yóò rí i pé gbogbo ayé ló lè kà á, kò sì ní jí. Ohun tó yẹ kó ṣe náà nìyẹn. Linux tún gbà kí `Iwe` àti `iwe` jẹ́ fáìlì méjì nínú fódà kan. Fún Windows, ọ̀kan náà ni wọ́n, èyí tó bá dé kẹ́yìn lè bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Kí àwa tí a sì ń fi àmì ohùn sórí orúkọ fáìlì dán tiwa wò lọ́tọ̀, nítorí àwọn ètò ìkópapọ̀ àtijọ́ kan máa ń sọ ẹ́ àti ọ̀ di jagajìgì.

Ibi tó ká mi lára jù ni ìṣẹ́jú tí a ń ya ẹ̀dà. Windows ní ohun tí wọ́n ń pè ní Volume Shadow Copy. Linux ní snapshot ti LVM, ètò tó ń pín dísìkì rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè dá dísìkì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ̀dà tí a yà má bàa jẹ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ètò ìṣirò owó rẹ̀ wà lórí Windows, tí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì wà lórí Linux. Wọ́n ń ya ẹ̀dà Windows ní aago méjìlá òru, wọ́n ń ya ti Linux ní aago méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní aago kan òru, nítorí ìgbà yẹn ni íńtánẹ́ẹ̀tì yá. Àwọn server méjèèjì bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá wọn padà. Linux ní ọmọ yìí ti sanwó. Windows ní òun kò rí kọ́bọ̀. Ẹ̀dà méjèèjì péye, kò sí èyí tó purọ́, ọmọ náà sì ń tò níwájú ọ́fíìsì bọ́sà pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́. Kò sí sọ́fítíwíà tí a lè rà tó lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé àwọn server méjì yìí ń sọ ìtàn kan náà. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kó sì fi yíya ẹ̀dà méjèèjì sí ìṣẹ́jú kan náà.

Ètò ìdápadà náà ní èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Domain controller àti DNS, ètò tó ń sọ ibi tí server kọ̀ọ̀kan wà, ló kọ́kọ́ ń jí, aago tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi ìpamọ́ détà, kó tó kan àwọn ètò tí òṣìṣẹ́ ń rí. Ẹ̀dà domain controller tiẹ̀ máa ń gbó: ní ìlànà Microsoft, èyí tó bá ju ọjọ́ 180 lọ kò ṣeé dá padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ó lè jí àwọn orúkọ tí wọ́n ti pa rẹ́ dìde. Àwọn ẹ̀rọ Windows náà ní password ti ara wọn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í tẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ dá ẹ̀rọ kan padà láti inú ẹ̀dà oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, domain controller lè má gbà pé òun mọ̀ ọ́n rí.

Bóyá ẹnìkan ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀nà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun fi ń ya ẹ̀dà. GitLab, ilé-iṣẹ́ tí ìpamọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́ òwò rẹ̀, ní ọ̀nà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan pa détà rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó rò. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìpamọ́, wọ́n rí i pé ètò tó ń ya ẹ̀dà jẹ́ ti PostgreSQL 9.2, server sì jẹ́ 9.6, nítorí náà kò ya ohunkóhun. Ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò wọlé. Snapshot tí ẹnìkan ṣàdédé yà ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn, ló yọ wọ́n. Mo yìn wọ́n fún ohun kan: wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta fún aráyé kà. Ní ilẹ̀ yìí, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í jáde nínú ọ́fíìsì ọ̀gá.

Òfin ìdáàbòbò détà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ti fi í lé wa lórí pé ẹni tó bá ń tọ́jú détà aráàlú gbọ́dọ̀ lè dá a padà sípò láìpẹ́ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kó sì máa dán ọ̀nà ààbò rẹ̀ wò déédéé. Àyẹ̀wò yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Tèmi ni pé kí a máa ya ẹ̀dà fáìlì lójoojúmọ́ láti inú Windows àti láti inú Linux, kí a sì máa pa ẹ̀rọ tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fi Clonezilla, tí àwọn ará Taiwan ṣe tí a kì í sanwó fún, ya odindi dísìkì rẹ̀ pẹ̀lú báìtì orí ààlà. Kí ẹ̀dà kan wà tí wáyà kankan kò so mọ́. Kí ẹnìkan ṣoṣo, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, jẹ́ ẹni tó ni ààlà náà, ìbáà ṣe ọmọ Windows tàbí ọmọ Linux.

Kí ẹni yẹn kọ ètò ìdápadà sórí bébà, pẹ̀lú nọ́ńbà BitLocker, bí aago ṣe gbọ́dọ̀ wà, àti èyí tó ń ṣáájú èyí, kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí. Lọ́dọọdún, kí a wá ẹ̀rọ mìíràn tí kò gbé Windows tàbí Linux wa rí, kí a fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ bébà náà, kó máa tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibikíbi tó bá ti di dandan kó tẹ ẹni tó kọ ọ́ láago, ibẹ̀ ni kí wọ́n tún kọ.