Oníbodè Kọ̀ǹpútà àti Fáìlì Tí Ń Kọjá

Ìlú olódi kì í ṣe aláìní oníbodè. Firewall ni oníbodè kọ̀ǹpútà: kìkì ohun tí olùtọ́jú rẹ̀ bá fọwọ́ sí ni í jẹ́ kí ó kọjá. Àwọn ẹnu-ọ̀nà tí ó ń ṣọ́ ní nọ́ńbà.

Ní ọdún 1971, Abhay Bhushan kọ ìlànà FTP, tí a fi ń kó fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ẹnu-ọ̀nà 21 ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbangba ni ọ̀rọ̀ aṣínà, tí í ṣe kọ́kọ́rọ́ oníkọ̀ǹpútà, ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá lúgọ lójú ọ̀nà lè kà á. Irú olè bẹ́ẹ̀ wọ yunifásítì kan ní Espoo, ní ilẹ̀ Finland, ní ọdún 1995. Èyí ni ó mú Tatu Ylönen ṣe SSH, tí ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú lójú ọ̀nà. Ẹnu-ọ̀nà 22 ni a fún un. Nínú rẹ̀ ni SFTP ń gbé fáìlì gbà.

Nítorí náà, kí olùtọ́jú firewall ṣí 22 fún àwọn kọ̀ǹpútà tí ó mọ̀ nìkan, kí iṣẹ́ má baà dúró. Lẹ́yìn náà kí ó ti 21. Kí ó sì pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́, nítorí odi kò dí olè tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà.